Ẹ Jókòó, Màmá

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà nínú ọgbà yìí, ẹ ò ní gbàgbé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ wa ní 2022. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Àwọn kan kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn kan gun ọ̀kadà, àwọn mìíràn tiẹ̀ ti ṣègbéyàwó kí á tó wọlé padà. Èmi ní tèmi, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ni mo lọ, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Iṣẹ́ ilé ni mo ṣe fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà náà, mo gbà pé n kò tíì ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Gàrí ni ìyá àgbà mi fi tọ́ ìyá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin. Ẹ má fojú gàrí tí à ń rẹ mu ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lálẹ́ wò ó o. Kí gàrí tó di gàrí, wọ́n á wa ẹ̀gẹ́ lóko, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e lórí kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Tó bá jẹ́ ti Ìjẹ̀bú, yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, torí kíkan rẹ̀ ni adùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sẹ́ ẹ, tí wọ́n á wá yan án. Ibi yíyan yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Inú ahéré tí kò ní fèrèsé ni, agbada ńlá lórí ààrò alámọ̀, igi ìdáná lábẹ́ rẹ̀. Nígbà òjò, igi tútù ni. Ẹni tó ń yan gàrí kì í kúrò nídìí agbada, torí bó bá yísẹ̀ pẹ́rẹ́, gàrí á jóná. Bí èéfín bá kọjú sí i, á kàn gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, ọwọ́ rẹ̀ ò ní dúró.

Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ìyá àgbà ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, títí ó fi lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò fa sìgá rí. Òórùn sìgá lásán, á ní kí onítọ̀hún bọ́ síta kó má pa òun.

Nígbà tí mo wà ní kékeré tí a bá lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀, ikọ́ rẹ̀ ló máa ń jí wa láàárọ̀. Kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pàápàá, àwa ọmọdé a máa wú u bí ó ti ń wú u, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀? Nígbà tó yá, kò lè ru igbá gàrí láti ilé dé ọjà láìjókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó tún yá, ó di pé láti yàrá dé ìta, á ti máa mí lókèlókè bí ẹni tó sáré ìje.

Ní 2021 ni wọ́n mú un lọ sí ọsibítù, tí wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan. Kì í ṣe asimọ́, kì í sì í ṣe ikọ́ àwúgbẹ. COPD ni orúkọ tí wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀. Dókítà ní àwọn ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti dín, wọn ò sì ní padà fẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òógùn á kàn máa bá a ṣí i díẹ̀díẹ̀ ni. Ìyá mi bi í pé kí ló fà á, dókítà sì bèèrè iṣẹ́ tí Màmá ń ṣe. Bí a ti dárúkọ gàrí báyìí, kò tún bèèrè nǹkan mìíràn mọ́.

Mo ti kà á lẹ́yìn náà pé àrùn yìí nìkan pa èèyàn mílíọ̀nù 3.5 ní àgbáyé ní 2021. Àjọ WHO ló kọ ọ́. Àwọn náà ló ní èèyàn tó tó bílíọ̀nù 2.1 ṣì ń fi igi, èédú, ìgbẹ́ ẹran tàbí kẹrosíìnì dáná. Ẹni bá gbọ́ orúkọ àrùn ẹ̀dọ̀fóró, onísìgá ló máa ń rò. Kò sẹ́ni tó ń ro onígàrí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ itan ni.

Ṣé ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ró ìró? Ìyá àgbà mi jẹ́ obìnrin tó ní ìbàdí. Ìró tó ń ró lọ sí ìsìn ọjọ́ Àìkú, agbára káká ló fi ń yí i po lẹ́ẹ̀kan. Kó tó di 2022, ìró kan náà ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún ń já bọ́. Apá rẹ̀ rù díẹ̀, ojú rẹ̀ rù díẹ̀, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ ló kú tán. Nígbà tí mo bá bá a fi òróró pa ẹsẹ̀ lálẹ́, awọ ló ń bá mi lọ́wọ́, lẹ́yìn awọ, egungun.

Àwọn ará àdúgbò ti dájọ́ tiwọn. Wọ́n ní ikọ́ àwúgbẹ ni. Obìnrin kan tí wọ́n ti jọ ń ta gàrí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kò bá a fi kọ́ọ̀pù kan mu omi mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n ní kò sí ikọ́ àwúgbẹ níbẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́? Àwọn mìíràn ní ayé ló ń jẹ ẹ́ lára. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé, mo ní n ò ní gbà kí ìyà kankan tún jẹ ẹ́. Mo ra àga oníke kan tó ní ibi ìgbápálé, mo ra tìmùtìmù sí i, mo gbé e sí abẹ́ igi ọsàn iwájú ilé. Mo ń pọnmi, mo ń gbálẹ̀, mo ń fọṣọ, mo ń se oúnjẹ. Mo ń gbé oúnjẹ lọ bá a níbi tó jókòó sí, mo sì ń padà lọ gbé àwo. Omi ìwẹ̀ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo ń gbé e dé. Mo ra póò fún un kó má baà máa rìn dé ẹ̀yìnkùlé lóru. Bí mo bá ti rí i pé ó fẹ́ dìde báyìí, màá ti sáré dé ibẹ̀.

"Ẹ jókòó, Màmá. Kí lẹ fẹ́ mú?"

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi jà. Ó ní, "Àkànní, ọkọ mi, jẹ́ kí n gbá iwájú ilé nìkan." Mo gba ọwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣa ẹ̀wà. Mo jẹ́ kó ṣa ẹ̀wà, àmọ́ èmi ni mo gbé ẹ̀wà wá, èmi ni mo gbé e lọ. Nígbà tó yá, kò bèèrè mọ́. Kí n má parọ́, òun náà gbádùn rẹ̀, nítorí bó bá ti rìn díẹ̀, èémí á há a, ẹ̀rù á sì bà á. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé bó ṣe máa ń rí lára òun ni pé kí ẹnì kan ti orí òun bọ omi, kó sì dì í mú síbẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò ní kó dìde?

Àwọn aládùúgbò ń kọjá, wọ́n ń ṣàdúrà. "Irú ọmọ wo rèé! Ọlọ́run á fún wa nírú ẹ̀ o." Èmi náà ń ṣe àmín.

Ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, mo padà. Ìbátan wa kan ń wá sùn tì í lálẹ́. Ìgbà tí mo tún padà dé ni ọlidé Kérésìmesì. Ọ̀sán ni mo dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo kígbe wọlé, n kò gbọ́ kí ó dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. Ilẹ̀ ni mo bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Láti àárọ̀ ló ti yọ̀ bọ́ láti orí àga. Kò farapa. Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ó ti tọ̀ sára, ó sì ń fi etí ìró bò ó kí n má baà rí i.

Mo ní, "Màmá, ṣé èémí yín há ni?"

Ó ní, "Èémí mi ò há. Ẹsẹ̀ ni ò gbé mi."

Ẹ wò ó, gbogbo wa la ti gbájú mọ́ àyà rẹ̀. Inhaler, ẹ̀rọ, èéfín, ọyẹ́. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, dókítà ní kí a lọ rí àwọn físíò. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni a bá níbẹ̀, kò lè ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó mú un jókòó lórí àga kan tí kò ní ibi ìgbápálé. Ó ní, "Màmá, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ẹ dìde dúró, ẹ tún jókòó. Ìgbà márùn-ún. Ẹ má fọwọ́ ti nǹkan kan o."

Ṣé nǹkan nìyẹn? Ohun tí mo rò lọ́kàn nìyẹn. Ìyá àgbà mì síwá mì sẹ́yìn, ó dìde. Ó jókòó gbì. Ó tún dìde, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀kẹta, ìdí rẹ̀ kúrò lórí àga díẹ̀, ó sì padà síbẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àgbà máa ń rín bí ojú bá tì í lójú ọmọdé.

Físíò fi tépù wọn itan rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló ń bá yín ṣe iṣẹ́ ilé?"

"Ọkọ mi yìí ni," ni ìyá àgbà wí, ó nawọ́ sí mi. "Ọlọ́run ló fi jíǹkí mi. N kì í fọwọ́ kan nǹkankan."

Mo gbé àyà síta, kí n sọ tòótọ́.

"Nǹkankan rárá?"

"Àwo lásán, kì í jẹ́ kí n gbé e."

Físíò wò mí. Kò bú mi. Ìbá tiẹ̀ ti bú mi. Ó rọra fa àga tirẹ̀ sún mọ́ wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní nínú ẹ̀dọ̀fóró ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í dúró síbẹ̀. Ó ń jẹ ẹran ara, ti ẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ, pàápàá ti itan. Ó ní mímí nìkan ti di iṣẹ́ ńlá fún Màmá, oúnjẹ díẹ̀ tó ń jẹ, mímí ló ń ná an. Bó bá sì jẹun yó, ikùn á ti àyà sókè, èémí á há, nítorí náà kò ní jẹun yó. Fọ́nrán inú ẹran itan pín sí oríṣi méjì, ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ pẹ́ láìrẹ̀, ìkejì a máa yára rẹ̀. Nínú itan àwọn tó ní àrùn yìí, èyí tó lè pẹ́ ló máa ń dín kù. Ẹsẹ̀ tó bá ti rọ báyìí, èémí tó pọ̀ ló ń bèèrè kó tó gbé ìgbésẹ̀ kan, èémí ọ̀hún ló sì ṣọ̀wọ́n. Aláìsàn á mí gúlegúle, ẹ̀rù á bà á, á jókòó. Bó ti ń jókòó ni ẹsẹ̀ tún ń rọ sí i.

Kò sọ pé èmi ni mo ra tìmùtìmù. Èmi ni mo mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó dùn mí. Físíò bèèrè gbogbo òógùn tí Màmá ń lò, mo sì mú ọ̀rá kékeré kan jáde, èyí tí mo máa ń lọ rà ní kẹ́mísì lábúlé nígbàkígbà tí ikọ́ bá le. Hóró funfun wẹ́wẹ́ ni. Owó rẹ̀ ò pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ wàrà, bó bá lò ó lónìí, èémí á dẹ̀ lọ́la. Prednisolone ni. Òógùn gidi ni fún ọjọ́ mélòó kan bí dókítà bá kọ ọ́. Àmọ́ tí èèyàn bá ń lò ó lemọ́lemọ́ fún oṣù púpọ̀, òun náà a máa jẹ iṣan itan àti èjìká. Físíò kò ní kí a dà á nù o. Ó ní dídáwọ́ dúró lójijì léwu lọ́tọ̀, ó ní kí a padà sọ́dọ̀ dókítà, òun ló sì bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán.

Nígbà tí mo padà sí ọgbà, mo wọ láíbìrì ìṣègùn. Wọn ò gba àwa ará Átíìsì níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀bẹ̀. Mo rí ìwádìí kan tí àwọn dókítà ṣe ní Lọ́ńdọ̀n, tó jáde ní 2007. Wọ́n wọn agbára itan àwọn tó ní àrùn yìí, wọ́n sì rí i pé okun itan sọ nípa ẹni tí yóò pẹ́ láyé, kódà ó sọ ju bí ẹni náà ṣe lè fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń rántí ọwọ̀ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí físíò kọ́ wa ò le. Dídìde àti jíjókòó lórí àga, lójoojúmọ́, bó bá ti lè ṣe é tó, kó sinmi, kó tún ṣe. Kó jókòó kó na ẹsẹ̀ síwájú, kí a so pure water kan mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó rìn dé ìdí igi ọsàn, kó padà. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, mọ́ínmọ́ín, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí èémí bá fẹ́ há, kó fi imú fà á, kó sì ká ètè kó fi ẹnu fẹ́ ẹ jáde.

Ìyá àgbà ní, "Ṣé bí mo ṣe ń fẹ́ iná nìyẹn?"

Físíò ní, "Rárá o, Màmá. Bí ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná ni."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní àbí ẹ ò rí ayé, òun fi ẹnu fẹ́ iná di aláìsàn, wọ́n tún ní kí òun wá fi ẹnu fẹ́ ẹ̀kọ di aláàfíà.

Èmi ni ẹ̀kọ́ náà le fún. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ jókòó síbì kan kí ẹ máa wo ìyá yín tó ń gbé omi inú ife láti kíṣìnì dé pálọ̀, kó dúró lẹ́ẹ̀mejì, kó fọwọ́ ti ògiri, kó máa fẹ́ ẹnu, kí ẹ má sì dìde. Físíò ti ṣàlàyé pé èémí tó yára kò túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́, bí kò bá sáà ti kọjá ibi tó ti lè sọ gbólóhùn kúkúrú jáde. Mo gbọ́, àmọ́ itan tèmi ń fò lórí àga. Àwọn aládùúgbò tó ń ṣàdúrà nígbà kan wá ń bú mi. Wọ́n ní yunifásítì ti sọ mí di ìkà, tí mo ń wo ìyá arúgbó tó ń gbálẹ̀ tó ń mí gúlegúle, tí mo fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ẹnì kan gba ọwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú mi. Ìyá àgbà gba ọwọ̀ rẹ̀ padà.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, ó dìde lẹ́ẹ̀meje láìfọwọ́ti nǹkan. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò yàtọ̀ o, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ náà, iye kan náà ló jáde. Àmọ́ ó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀. Ó gbé póò jù síbì kan tí n ò mọ̀ títí dòní. Ní ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, àìsàn náà tún gbé e dè, ó lo ọjọ́ mẹ́jọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, gbogbo ohun tó fi oṣù mẹ́ta kó jọ sí itan, ọjọ́ mẹ́jọ yẹn fọ́n ọn ká. A tún bẹ̀rẹ̀ láti orí méjì. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà jáde síta díẹ̀.

Àbúrò ìyá mi obìnrin ló wà nídìí agbada báyìí. A ti wó ògiri apá kan ahéré náà kí èéfín lè ráyè jáde, a sì ti ń tu owó jọ fún ààrò tó ní ọ̀nà èéfín. Owó gáàsì kò ṣeé fi yan gàrí, ẹ̀yin náà mọ iye tó ń wọ̀. Ọlidé tó kọjá, mo sùn níbẹ̀. Láàárọ̀, kí àkùkọ tó kọ, mo gbọ́ ikọ́. Mo ti fẹ́ dìde lọ wo ìyá àgbà kí n tó gbọ́ ọ dáadáa pé yàrá kejì ló ti ń wá, yàrá àǹtí mi.

Ìyá àgbà ti jí ní tirẹ̀. Ìta ni mo bá a, lórí àga oníke. Tìmùtìmù ọjọ́sí wà nílẹ̀, ológbò sùn lé e lórí. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń dìde, ó ń jókòó, ó sì ń kà á bó ṣe máa ń ka kóńgò fún oníbàárà: "Ení... èjì... ẹ̀ta..." Ó dúró ní àrún, ó fẹ́ ẹ̀kọ, ó ń bá a lọ. Nígbà tó dé ẹ̀wá, ó jókòó, ejìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró síbi tí mo wà.

Ó tún dìde lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Èènì nìyẹn," ló wí, ó sì ní kí n bá òun wo ibi tí mo gbé ọwọ̀ sí, kí òun wá mú un.